Ọkọ̀ Tí Kò Sí Lójú Ọ̀nà

Ìyá mi rò pé mò ń tan òun ni nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kánádà fún un lórí tẹlifóònù.

"Màmá, ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń tò."

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Kì í ṣe ọkọ̀ gidi. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n lọ, kí wọ́n bọ̀, kí n lè mọ ibi tí wọn yóò ti dúró de ara wọn."

Mò ń gbọ́ ohùn Àlàájì tó ni tẹlifóònù, ó ń bá ẹnì kan jiyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ilé Àlàájì nìkan ni tẹlifóònù wà ládùúgbò wa ní Sábọ̀, ní Ṣàgámù. Ìyá mi a máa lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àárọ̀ ni ní ọ̀dọ̀ mi, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí ìlà bá wọlé, a ó sọ̀rọ̀. Bí kò bá wọlé, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

"Ọkọ̀ tí kò sí," ni ìyá mi wí níkẹyìn. "Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé ọ kọjá òkun?"

Rẹ́mọ̀ pọ́ńbélé ni ìyá mi ń sọ, títí kan orí tẹlifóònù. Bí gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Gbànja ló ń tà. Inú agbọ̀n àti ewé obì ni mo dàgbà sí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń wá kó obì lọ sí Òkè Ọya, èmi a sì máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà, n ó máa wò wọ́n. Ohun tó ń jẹ mí lógún ni ìdí tí ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé fi máa ń kẹ́yìn lọ. Mo bi ìyá mi, ó ní kí n lọ fọ abọ́. Mo bi olùkọ́ wa, ó ní ìbéèrè mi kò sí nínú ìwé. Ìbéèrè náà ló gbé mi dé ẹ̀kọ́ ìṣirò, ìṣirò ló sì gbé mi dé òkè òkun. Bí mo ṣe gba ìwé ìrìnnà, bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe gbéra, ẹni tó bá ti rìn ín ti mọ̀ ọ́n. N kò ní fi ìyẹn yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà ni wọ́n gbà mí sí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìlú kékeré kan ni, láàárín àwọn òkè tí yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé etí kòtò náà, mo rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kòtò. Ṣebí ilẹ̀ Rẹ́mọ̀ ni mo ti wá, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Èyí yàtọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fa òkè kan tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tó sì gbẹ́ ojú ibẹ̀ ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rí bí èèrà. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn èèrà náà gòkè dé ọ̀dọ̀ wa, táyà rẹ̀ nìkan ga jù mí lọ. Àkàbà ni awakọ̀ fi ń gòkè lọ síbi ìjókòó rẹ̀. Òtútù ń gé mi létí, mo gbàgbé òtútù.

"Èwo nínú wọn ló ń dúró de èkejì?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu mi.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Hárọ́ọ̀dù, wò mí. Ọkùnrin gíga, onírun pupa, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. "Ohun tí a gbà ọ́ wá sọ fún wa nìyẹn," ló wí.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Katapílà ńlá kan wà nísàlẹ̀ kòtò tó ń bu òkúta tí bàbà wà nínú rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ á gbé òkúta gun òkè lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ, á dà á síbẹ̀, á sì padà sísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kéré jù, katapílà á dúró lásán. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á tò bí ọkọ̀ tó ń wá epo ní àsìkò ọ̀wọ́n. Kò sí ẹni tó lè ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò lásán láti mọ iye tó tó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: ọ̀nà, katapílà, ẹ̀rọ ìfọ́kúta, bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ọkọ̀ tó kún. Orúkọ tí èmi fún un nínú ọkàn mi ni àfarawé. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé a kì í jẹ́ kí nǹkan rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí kádàrá ni. Ọkọ̀ yìí á yá, èyí á pẹ́, táyà èyí á bẹ́. Kọ̀ǹpútà á ṣe iṣẹ́ oṣù kan láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan, á sì máa pọ ìwé gbọọrọ jáde bí ẹni ń pọ ìfun.

Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè máa bá ìwé gbọọrọ sọ̀rọ̀.

Ilé tí wọ́n fi wá sí, ilé àwọn obìnrin òṣìṣẹ́, dákẹ́ bí ibojì. Kò sí ẹni tó ń jà níta, kò sí ládàánì, kò sí ọmọ tó ń sunkún tí ìyá rẹ̀ ń fi orin rẹ̀ ẹ́. Oṣù Ràmàdáánì bọ́ sí àsìkò ooru wọn ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, àsìkò tí oòrùn kì í fẹ́ lọ sílé. Mo jókòó ti irẹsì tí mo ti sè, mo ń wo ojú fèrèsé. Oòrùn náà ń wò mí. Mo pe ilé Àlàájì, níbi tí ìyá mi máa ń wà ní òru Ràmàdáánì.

"A ń jẹ sàárì lọ́wọ́ níbí," ni ìyá mi wí. "Kí lo fi ṣínu?"

"N kò tíì ṣínu, Màmá. Oòrùn kò tíì wọ̀."

"Oòrùn èwo?"

"Ti àná."

Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn ará ilé Àlàájì pé ọmọ òun kò tíì ṣínu àná. Ariwo ta. Ẹnì kan ní kí n máa fi aago Mẹ́kà ṣe é. Ẹlòmíràn ní irú ilẹ̀ wo nìyẹn. Ìyá mi padà sórí tẹlifóònù, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Má gbé e sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí a jọ máa dúró dè é díẹ̀." Òun ń jẹun, èmi ń wo oòrùn. Ìgbà tí tẹlifóònù náà já, oòrùn ṣì wà níbẹ̀.

Pańla ló sọ mí di ọ̀rẹ́ Tèrésà.

Ó ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi. Ará erékùṣù kan ní ilẹ̀ Potogí ni, ó jù mí lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń ṣe nínú kòtò náà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin díẹ̀ tí wọ́n gbà fún un. Lọ́jọ́ kan mò ń din ata, ó kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó wá bá mi wí nítorí èéfín. Ẹja gbígbẹ ló mú lọ́wọ́, ẹja líle bí igi, olóòórùn. Mo kígbe. "Pańla!" Ó ní rárá o, orúkọ tí wọ́n ń pè é nílùú àwọn ni báyìí báyìí. A jiyàn orúkọ náà títí ẹja fi rọ̀ nínú ọbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ẹni tí mo lè bi ní ìbéèrè. Mo bi í bí ó ṣe rí láti wa ilé lórí táyà. Ó bi mí bí obì ṣe ń korò tí àwọn èèyàn ṣì ń jẹ ẹ́.

Ní ọdún kejì mi ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀. Òkúta tó ń dé ibi ẹ̀rọ ìfọ́kúta kò tó mọ́. Àwọn aláṣẹ jókòó, wọ́n ní kí wọ́n ta àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n ra àwọn tó tóbi jù wọ́n lọ, tí kò ní pọ̀. Ọkọ̀ tí kò pọ̀, awakọ̀ tí kò pọ̀. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Àwọn tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, Tèrésà sì wà lára wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Hárọ́ọ̀dù pè mí. "Ṣe àfarawé rẹ," ló wí. "Sọ iye ọkọ̀ ńlá tí yóò tó wa."

Mo kọ́kọ́ ṣe ti àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ń sọ òtítọ́. Kò sọ ọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọn ọkọ̀ náà ń gbé òkúta tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbé gan-an lọ. Mo yẹ iṣẹ́ mi wò, mo tún un yẹ̀ wò. Kò sí àṣìṣe. Nǹkan kan wà lójú ọ̀nà yẹn tí n kò kọ síbẹ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Irú ìdùnnú tí mo ní lẹ́nu ọ̀nà wa ní Sábọ̀ ni.

Mo ní kí Tèrésà gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i.

Lókè ìjókòó ọkọ̀ yẹn, èèyàn kò rí ilẹ̀ iwájú rẹ̀. A gba òkúta nísàlẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní àárín méjì ọ̀nà, kọ́nà kan wà níbi tí ojú ọ̀nà ti há. Kí a tó dé ibẹ̀, Tèrésà tẹ bíréèkì, ọkọ̀ náà rọra ń rá, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, fèrè gígùn, lẹ́yìn náà ló tún tẹ iná mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó ṣófo tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti dúró dè wá lókè. Nígbà tí a kọjá, òun náà rọra wọ kọ́nà, ó fun fèrè tirẹ̀.

"Kí ni ìyẹn?" mo bi í.

A dé òkè, ó da òkúta náà.

"Pọ́ọ̀lù," ló wí. "Òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ yìí. Ìgbà tí yìnyín ń yọ́, ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ níbẹ̀, ó sì bá a lọ sísàlẹ̀ kòtò." Ó fi ọwọ́ hàn mí bí ó ṣe lọ. "Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún wa. Olúkúlùkù wa ló ń kí i."

Mo bá a gòkè, mo bá a sọ̀ kalẹ̀, títí iṣẹ́ fi parí lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kejì mo kọ ìkíni náà sínú kọ̀ǹpútà, mo sì kọ kọ́nà náà bí ó ṣe há. Iye òkúta inú rẹ̀ wá bá ti ojú ayé mu rẹ́gí. Mo wá rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìkíni náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì kò lè pàdé ní kọ́nà yẹn. Bí ọ̀kan bá rọra, èyí tó ń bọ̀ lódìkejì á dúró, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á lé e bá, wọ́n á di ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ náà á dé ibi katapílà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tò. Kí wọ́n tó kún tán, kò ní sí ọkọ̀ kankan mọ́ lẹ́yìn wọn, katapílà á wá dúró lásán. Mo fi ọkọ̀ ńlá sí i. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí wọ́n fẹ̀ jù fún kọ́nà náà.

Mo sáré lọ sọ fún Tèrésà. Mo rò pé yóò gbé mi mọ́ra.

"O kọ Pọ́ọ̀lù sínú ẹ̀rọ," ló wí.

"Mo kọ ohun tí ẹ ń ṣe síbẹ̀, kí wọ́n má baà—"

"O fẹ́ gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ. Wọ́n á ní kí a má fun fèrè mọ́. Ṣé o mọ ohun tó kù fún ìyàwó rẹ̀ nílùú yìí? Fèrè yẹn. Ilé rẹ̀ wà ní gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ òkè, ó ń gbọ́ ọ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Fún ọjọ́ mélòó kan, èmi nìkan ni mò ń jẹ ọbẹ̀ mi. Mo sọ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù pé mo bá ọ̀rẹ́ mi jà. Ó bi mí pé ta ló jẹ̀bi. Mo ní n kò mọ̀. "Bí o kò bá mọ̀," ló wí, "ìwọ ni kí o lọ kan ilẹ̀kùn."

Mo lọ kàn án. Mo sọ fún Tèrésà pé bí àwọn awakọ̀ bá ní kí n yọ ìkíni náà kúrò, n ó yọ ọ́, n ó sì sọ fún ọ̀gá mi pé àfarawé mi kò yanjú. Ó mọ̀ pé èyí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àlejò tí ilé iṣẹ́ kò bá nílò mọ́, ìjọba kò ní jẹ́ kí ó dúró. Ó ní òun máa bi wọ́n. Wọ́n sì lọ bi ìyàwó Pọ́ọ̀lù, gbogbo wọn, nínú ilé rẹ̀. Ohun tí obìnrin náà sọ kúrú: kí wọ́n sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òtítọ́ ni.

Mo gbé ìwé gbọọrọ mi lọ síwájú àwọn aláṣẹ. Mo ṣàlàyé ọ̀wọ́ ọkọ̀, mo ṣàlàyé kọ́nà, mo ní kí wọ́n fẹ ọ̀nà náà kí ọkọ̀ méjì lè pàdé níbẹ̀, kí wọ́n má ra ohunkóhun.

Ọ̀gbẹ́ni Hárọ́ọ̀dù na ìka sí ìlà kan. "Kí ni wọ́n ń dúró ṣe níbí?"

"Wọn kì í dúró, sà. Wọ́n ń kí Pọ́ọ̀lù."

"Bí a bá ní kí wọ́n má ṣe é mọ́ ńkọ́?" ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ bèèrè.

"Mo ti wò ó. Ọ̀nà á ṣì há. Èrè rẹ̀ kò tó nǹkan."

Ọ̀gá mi ń wo ìlà náà. "Èmi ni mo gba Pọ́ọ̀lù síṣẹ́," ló wí, ó sì ká ìwé náà pọ̀. "Ẹ jẹ́ kí a fẹ ọ̀nà."

Wọ́n fẹ̀ ẹ́ nígbà ooru. Òkúta wá ń dé ibi ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ ńlá wá ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kò sí awakọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Tèrésà se ẹja, ó pè mí, ó sì pè é ní pańla lójú gbogbo èèyàn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé níbẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mo ti di ará ibẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀. Mo mọ ojú ọ̀nà kan ní orí òkè kan níbẹ̀ ju bí mo ṣe mọ ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lọ. Mo mọ ibi tí ó ti ń yọ̀ àti ẹni tó kú níbẹ̀. Bóyá ìyẹn náà jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ń sọ èèyàn di ará ibì kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá lá àlá, Rẹ́mọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wá sílé fún ìsinmi, ìyá mi ní òun fẹ́ mú mi lọ síbì kan. A wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Irolu, a sọ̀ kalẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn wọlé. Mo mọ ọ̀nà náà. Oko ìyá rẹ̀, ìyá mi àgbà, ló lọ, oko obì.

Ọ̀nà náà pin. Kòtò ló wà níwájú wa.

"Àwọn àgbà ìdílé ló fi oko náà fún àwọn tó ń wa òkúta," ni ìyá mi wí. "Gbogbo wa la gbà. N kò fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lórí tẹlifóònù."

Kòtò kékeré ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo mọ̀. Katapílà kan ń bu òkúta nísàlẹ̀, àwọn típà tó ti gbó ń lọ, wọ́n ń bọ̀. A dúró sí etí rẹ̀. Ìyá mi ń wo àwọn típà náà, ó tẹjú mọ́ wọn, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èyí yóò dúró de èyí," ló wí lójijì.

Ó dúró dè é.

"Wò ó! Aláwọ̀ búlúù yẹn yóò bá wọn níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dì mọ́ra." Wọ́n dì mọ́ra. Ìyá mi pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ṣé ohun tí o ń ṣe níbẹ̀ nìyí?"

"Òun náà ni, Màmá."

"Kí ló dé tí o kò fi là á yé mi láti ọjọ́ yìí? Ọkọ̀ tí kò sí, ọkọ̀ tí kò sí."

A wò ó títí ó fi sú àwọn típà fúnra wọn, tí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti jẹun. Eruku rọlẹ̀. Ìyá mi na ọwọ́ sókè kòtò náà, sí inú afẹ́fẹ́ lásán.

"Ahéré ìyá mi wà níbẹ̀ yẹn," ló wí.

Mo wo ibẹ̀. "Níbo ni obì wà?"

"Ìwọ náà! Ṣé o kò rántí ni? Láti ibẹ̀ lọ." Ó dì mí lọ́wọ́ mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ ní etí kòtò, òun níwájú, ó ń fi ọwọ́ kejì tọ́ka. Odò nìyí, ibi tí a ti ń fọ èèpo obì. Igi tí ààrá sán nìyí. Ibí ni ìyá òun máa ń jókòó sí bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún. Mo ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn, ìrìn rẹ̀ sì ti yí padà, ó ti di ìrìn ẹni tó mọ ọ̀nà oko.

Lójijì, níbi tí kò sí koríko kankan, ó fà mí lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Yà síbí," ló wí. "Wèrèpè pọ̀ níbẹ̀ yẹn."

Mo yà.